Láti Ilé Ìdáná Táílàńdì: Èdè-Ìperí fún Ewé àti Èròjà Ọbẹ̀

Ilé ìdáná ni àléébù èdè-ìperí ti tètè máa ń hàn. Bí olùkọ́ bá fi orúkọ kan ṣoṣo pe ewéko méjì nínú kíláàsì, ó lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó kọ ìwé oúnjẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọbẹ̀ ọjọ́ náà gan-an ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń túmọ̀ ìlànà oúnjẹ ilé àwọn ará Táílàńdì sí Yorùbá gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá fún mi láti yẹ̀ wò. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti ń túmọ̀ rẹ̀. Ó kọ ‘bésìlì’ fún ewé mẹ́ta tí ó yàtọ̀ síra, ó kọ ‘ata ilẹ̀’ fún ohun méjì tí kò jọ ara wọn lẹ́nu rárá, ó sì pe gbogbo ọbẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ ní ‘kọ́rì’. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀ nínú wọn. Gẹ̀ẹ́sì ti da nǹkan wọ̀nyí pọ̀ mọ́ra kí wọ́n tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé bí a bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn Táì fúnra wọn, tí a kò gba ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá, èdè-ìperí tí a ó rí yóò péye ju èyí lọ, àti pé ní ọ̀pọ̀ ìgbà ọ̀rọ̀ tí a ń wá kiri ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ‘kọ́rì’ bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ó rọrùn jù. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Táì ń lò ni kaeng. Ohun olómi tí a fi ń jẹ ìrẹsì ni kaeng. Ó lè ní oje àgbọn nínú, ó sì lè má ní. Ó lè ki, ó sì lè ṣàn. Ó lè ta, ó sì lè má ta rárá. Kaeng chuet, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ kaeng tí ó tẹ́ lẹ́nu, kò ní ju omi ẹran àti ẹ̀fọ́ díẹ̀ lọ. Kaeng pa, kaeng inú igbó, ta púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní oje àgbọn. Ta ni yóò pe méjèèjì ní kọ́rì? Ní ọjà tiwa, ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú inú agolo ni à ń pè ní kọ́rì. Àwọn kan tilẹ̀ ti gbé orúkọ náà fún ewé kan tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata, tí ó sì jẹ́ pé irú efinrin kan ni ewé náà. Ẹni tí ó bá ka ‘kọ́rì Táì’ yóò nawọ́ sí agolo. Ọbẹ̀ ni kaeng. A kì í béèrè bóyá ohun kan ki tàbí ó ṣàn kí a tó pè é ní ọbẹ̀, àwọn Táì náà kì í sì í béèrè.

Bí a bá ti gba èyí, ọ̀rọ̀ kejì yanjú fúnra rẹ̀. Ohun gígún tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní phrik kaeng. Ata ni phrik, ọbẹ̀ ni kaeng: ata ọbẹ̀. Kò sí obìnrin Yorùbá kan tí a óò sọ bẹ́ẹ̀ fún tí kò ní mọ ohun tí a ń wí. Odó òkúta ni wọ́n fi ń gún un nílé, ìlú Ang Sila ní ìpínlẹ̀ Chonburi sì lókìkí fún gbígbẹ́ irú odó bẹ́ẹ̀. Ètò wà nínú gígún náà: èyí tí ó gbẹ tí ó sì le ni a kọ́kọ́ ń gún, bí irúgbìn tí a ti yan lórí iná láìlo epo, lẹ́yìn náà ata àti iyọ̀, lẹ́yìn náà èyí tí ó ní okùn nínú, tí a ti rẹ́ wẹ́wẹ́, àwọn olómi bí áyù àti àlùbọ́sà kéékèèké ń tẹ̀ lé e, edé oníyọ̀ tí wọ́n ń pè ní kapi ni ó máa ń kẹ́yìn. Iṣẹ́ tí irú ń ṣe nínú ọbẹ̀ tiwa ni kapi ń ṣe nínú tiwọn, òórùn rẹ̀ kò sì kéré sí ti irú. Bí a bá kọ́kọ́ da àwọn olómi sódó, ọmọ odó kò ní rí ohun líle mú mọ́. Yóò kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ náà phrik ní ìtàn tí ó yẹ kí onímọ̀ èdè gbọ́. Ata tí gbogbo ayé ń jẹ lónìí, Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Kò sí ará Éṣíà tàbí ará Áfíríkà tí ó mọ̀ ọ́n ṣáájú ìrìn àjò Columbus ní 1492. Àwọn Pọtogí dé Ayutthaya, olú-ìlú àwọn Táì nígbà náà, ní 1511, àwọn ni ọ̀pọ̀ òpìtàn sì gbà pé wọ́n gbé ata dé agbègbè náà. Kí ata tó dé, hóró dúdú tí ó ń so lórí ìtàkùn, Piper nigrum, ni ó ń jẹ́ phrik. Nígbà tí àlejò dé tí ó sì ta ju onílé lọ, àlejò gba orúkọ mọ́ onílé lọ́wọ́, onílé sì di phrik thai, ìyẹn ‘phrik ti àwa Táì’. Ẹni tí ó bá gbọ́ ‘atare’ àti ‘ata ilẹ̀’ lẹ́nu wa yóò fura pé ọ̀rọ̀ ‘ata’ náà ti rin ìrìn kan rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kàn wá níhìn-ín ni pé bí a bá túmọ̀ phrik thai sí ‘ata Táì’, olùkàwé yóò ra ata pupa. Ìyèkan hóró náà lọ́dọ̀ wa ni iyèré, Piper guineense. Nítorí náà ‘iyèré Táì’ ni mo fi sílẹ̀ fún un.

Efinrin ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù. Ewé mẹ́ta tí Gẹ̀ẹ́sì kó sábẹ́ orúkọ kan yìí, àwọn Táì kò ní orúkọ tí ó kó wọn pọ̀ rárá. Horapha ni ọ̀kan, kaphrao ni èkejì, maenglak ni ẹ̀kẹta. Ọmọ Táì tí a bá sọ fún pé ohun kan náà ni wọ́n yóò wò wá bí ẹni tí ó sọ pé ewúro àti gbúre kò yàtọ̀. Ewé horapha ń dán, igi rẹ̀ pọ́n bí ẹsẹ̀ àlùkò, òórùn rẹ̀ dùn, ó sì fẹ́ jọ ti ánísì. Odidi ewé rẹ̀ ni wọ́n ń jù sínú kaeng khiao wan, ọbẹ̀ oje àgbọn tí ata tútù sọ di aláwọ̀ ewé, nígbà tí ìkòkò bá kù díẹ̀ kí ó kúrò lórí iná. Wọ́n tún ń jẹ ẹ́ ní tútù. Kaphrao ní irun wínníwínní lára, etí ewé rẹ̀ rí bí eyín ayùn, òórùn rẹ̀ sì ń ta bí ti kànáfùrù. Iná ni ó ń mú òórùn rẹ̀ jáde. A kì í sábà jẹ ẹ́ ní tútù. Òun ni ó fún phat kaphrao lórúkọ, ẹran tí a gé wẹ́wẹ́, tí a fi áyù àti ata dín nínú epo gbígbóná, tí a da ewé náà lé níkẹyìn, tí a sì bù sórí ìrẹsì. Bí a bá fi horapha ṣe é, oúnjẹ náà lè dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe phat kaphrao mọ́. Yóò ṣe jẹ́jẹ́ níbi tí ó ti yẹ kí ó bu ahọ́n jẹ. Maenglak ní tirẹ̀ ń ta sánsán bí èèpo ọsàn wẹ́wẹ́. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń pè ní kaeng liang ni ibùjókòó rẹ̀. Bí a bá rẹ irúgbìn rẹ̀ sínú omi, yóò wú, nǹkan yíyọ̀ kan yóò sì yí i ká. Wọ́n ń jẹ ẹ́ nínú ìpanu dídùn.

Ẹ̀kẹrin wà tí àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà dárúkọ. Ní gúúsù Táílàńdì àti nínú kaeng pa, wọ́n ń lo ewé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní bai yira. Ocimum gratissimum ni. Efinrin ńlá tiwa ni, èyí tí ó wà lẹ́yìnkùlé, tí à ń fún omi rẹ̀ fún ẹni tí inú ń run, tí a sì ń já sínú ọbẹ̀ ẹran ewúrẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti fẹ́ yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ewé tí ìyá rẹ̀ lè já fún un láìjáde nílé.

Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní orúkọ kan, tí Táì sì ní mẹ́rin tí kò bára tan, Yorùbá ní ọ̀nà kẹta. A ní efinrin, a sì ní efinrin ńlá, efinrin wẹ́wẹ́ àti efinrin ajá. Orí-ọ̀rọ̀ kan ni, pẹ̀lú ẹ̀yán. Yorùbá tí ó bá gbọ́ ‘efinrin’ lásán ti mọ̀ pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé èwo ni. Ètò yìí bá ìmọ̀ ewéko mu, nítorí ẹ̀yà Ocimum ni gbogbo wọn. Mo dá a lábàá pé kí horapha máa jẹ́ ‘efinrin ẹsẹ̀-àlùkò’, kí kaphrao máa jẹ́ ‘efinrin kànáfùrù’, kí maenglak sì máa jẹ́ ‘efinrin ọsàn’. Ẹnìkan lè takò mí pé irú kaphrao kan wà tí igi tirẹ̀ náà pọ́n. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n imú ni a fi ń mọ kaphrao, ẹ̀yán tí mo fún un sì jẹ mọ́ imú. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ òórùn kànáfùrù kò ní wo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Irú ọ̀nà yìí kan náà kò bá ata ilẹ̀ mu, bí ó tilẹ̀ jọ pé ó yẹ kí ó bá a mu. Khing ni ata ilẹ̀. Khamin ni èyí tí à ń pè ní ata ilẹ̀ pupa. Ìdílé kan náà ni kha, tí ó funfun, tí ó ní òrùka-òrùka lára, tí ó le lábẹ́ ọ̀bẹ, tí òórùn rẹ̀ sì jọ ti oje igi tútù. Òun ni ó wà nínú tom kha. Krachai náà wà níbẹ̀, tí ó ta ìka bí ọwọ́ ènìyàn, tí wọ́n ń fi pa òórùn ẹja. Mo kọ́kọ́ fẹ́ pe kha ní ‘ata ilẹ̀ funfun’. Ṣùgbọ́n ‘ata ilẹ̀’ kò rí bí ‘efinrin’. Ọ̀rọ̀ tí ó pé fúnra rẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí ó ń gbọ́ ọ tí ó ń béèrè pé èwo. Alásè tí ó bá ka ‘ata ilẹ̀ funfun’ yóò fi ‘funfun’ sílẹ̀, yóò sì ju ata ilẹ̀ tí ó ní sínú ìkòkò. Kò sí ohun tí ó lè ba tom kha jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, níhìn-ín, kí a yá ọ̀rọ̀ ni ó dára: ‘kàà’. Àjèjì ọ̀rọ̀ yóò mú kí olùkàwé dúró béèrè. Krachai kò ní ewu bẹ́ẹ̀, nítorí ìrísí rẹ̀ kò jọ ti nǹkan mìíràn. ‘Ata ilẹ̀ oníka’ tó o. Ní ti ẹ̀yà ara khing, khamin àti kha tí à ń lò, ó yẹ kí a ṣọ́ra láti má pè é ní gbòǹgbò. Ó ní oríkèé, ó sì ní ojú tí ó lè hù, gbòǹgbò kì í sì í ní wọn. Igi ni, ó kàn ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ ni. ‘Ọ̀pá abẹ́lẹ̀’ ni mo ń lò fún un.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ara ewéko yìí ni ó gbé wa dé ọ̀dọ̀ takhrai, èyí tí à ń pè ní koríko ọba, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń pè ní ewé tíì. Àwa ń se ewé rẹ̀ mu, a sì ń fi í sínú àgbo ibà. Alásè Táì ń gé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewé náà kúrò. Ọ̀pá funfun ìsàlẹ̀ ni ó ń wá. Bí ó bá jẹ́ ti ata ọbẹ̀, yóò bó èèpo òde, yóò sì rẹ́ ẹ ní ìbú, tínrín, kí okùn inú rẹ̀ má baà di ìdíwọ́ fún odó. Bí ó bá jẹ́ ti tom yam, yóò fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tàbí ọmọ odó lù ú díẹ̀ kí ó rọ̀ láì já. Àwọn Táì ní ọ̀rọ̀-ìṣe ọ̀tọ̀ fún èyí, bup, tí kì í ṣe tam, gún. ‘Lù rọ̀’ ni mo túmọ̀ rẹ̀ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ ‘ewé tíì’ sínú ìtumọ̀ rẹ̀. Lóòótọ́, ewéko náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ̀ lé orúkọ náà yóò gún ewé líle, yóò sì máa yọ koríko láàárín eyín. Orúkọ tí ó ti ara ìlò wá dára níwọ̀n ìgbà tí ìlò náà kò bá yí padà. ‘Koríko ọba’ kò sọ ibi tí a ó lò. Òun ni kí a fi sínú èdè-ìperí. Ọ̀ràn náà kò kéré, nítorí tom yam kung, ọbẹ̀ edé tí takhrai, kha àti ewé makrut jẹ́ òpó rẹ̀, ti wọ inú àkójọ àṣà àjogúnbá tí àjọ UNESCO ń tọ́jú láti 2024, àwọn ènìyàn yóò sì máa wá bí a ṣe ń sè é.

Makrut ni ọsàn kan tí èèpo rẹ̀ rí kókó-kókó, tí omi inú rẹ̀ kò pọ̀. Ewé rẹ̀ jọ ewé méjì tí a so pọ̀ lórí àti ìdí. Wọ́n ń fa iṣan àárín ewé náà yọ, wọ́n sì ń ya á sínú ọbẹ̀; èèpo ọsàn náà ń bọ́ sínú ata ọbẹ̀. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń pè é láti ọjọ́ pípẹ́ ní ọ̀rọ̀ kan nínú tí àwọn aláwọ̀ funfun ní Gúúsù Áfíríkà fi ń bú àwọn aláwọ̀ dúdú. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni ní ìpilẹ̀, òun kan náà ni ó dé ọ̀dọ̀ wa gẹ́gẹ́ bí ‘kèfèrí’. Atúmọ̀ tí kò fura lè kọ ‘ọsàn kèfèrí’ sílẹ̀, kí ó sì rò pé òun ṣe iṣẹ́ gidi. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ ìwé oúnjẹ ní Gẹ̀ẹ́sì ti ń pa orúkọ náà tì, wọ́n ń kọ makrut. Kò yẹ kí àwa gba èébú tí olówó rẹ̀ ń dà nù. ‘Ọsàn mákùrùùtù’ ni kí a máa wí.

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn nítorí pé èdè olóhùn ni Táì, ohùn márùn-ún ni ó sì ní. Yorùbá lè gbé púpọ̀ nínú rẹ̀: ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa, a sì lè fi fáwẹ̀lì méjì kọ èyí tí ó ń gòkè àti èyí tí ó ń sọ̀. Ohun tí ó tilẹ̀ dùn mọ́ni jù ni pé Táì ya e sọ́tọ̀ sí ẹ, ó sì ya o sọ́tọ̀ sí ọ, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ṣe. Lẹ́tà Róòmù tí wọ́n fi ń kọ ọ́ fún àlejò kò fi èyí hàn dáadáa. O kan náà ni wọ́n kọ sínú tom, sè, àti hom, ta sánsán. Lẹ́nu wọn, tóòmù ni èkíní, họ̀ọ́mù ni èkejì. Kaeng, pẹ̀lú lẹ́tà a àti e rẹ̀, kò ju ‘kẹẹn’ lọ. Ohun tí a ó pàdánù ni èémí tí ó ń bá k, p àti t jáde nínú àwọn ọ̀rọ̀ kan tí kò sì bá a jáde nínú àwọn mìíràn. Yorùbá kò ní ìyàtọ̀ yẹn. Àwọn náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ìjà àkọtọ́: ìwé atúmọ̀-èdè ti àjọ ọ̀mọ̀wé ìjọba wọn, Ratchabandittayasapha, tí a dá sílẹ̀ ní 1926, kọ kaphrao láìní r nínú sílébù àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kraphrao ni ọ̀pọ̀ olóúnjẹ ń kọ sára pátákó.

Ọ̀rọ̀ hom yìí tún wúlò fún wa ní ọ̀nà mìíràn. Gẹ̀ẹ́sì pín èròjà wọ̀nyí sí méjì, ewé tútù lápá kan, irúgbìn àti èèpo gbígbẹ lápá kejì, àwọn atúmọ̀ wa sì ti ń dààmú láti rí ọ̀rọ̀ méjì tí yóò bá a dọ́gba. Khrueang thet ni Táì ń pe àwọn gbígbẹ, ‘èròjà ilẹ̀ òkèèrè’, nítorí ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé púpọ̀ nínú wọn dé. Kò sí ìdí tí ìpín èdè mìíràn fi gbọdọ̀ di tiwa. Òórùn ni ó so wọ́n pọ̀. ‘Èròjà atasánsán’ ni mo ń lò fún gbogbo wọn, a sì lè dárúkọ ẹ̀yà ara ewéko nígbà tí ó bá yẹ: ewé atasánsán, irúgbìn atasánsán, ọ̀pá abẹ́lẹ̀ atasánsán.

Ó ku phak chi, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní coriander. Ewé rẹ̀ ni wọ́n ń wọ́n sórí oúnjẹ, irúgbìn rẹ̀ ni wọ́n ń yan fún ata ọbẹ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ni ó jẹ́ àdììtú ilé ìdáná Táì, èyí tí àwọn onílé ìtajà ní ìlú òyìnbó sábà máa ń gé sọnù kí wọ́n tó tà á. Gbòǹgbò gidi ni ní tirẹ̀. Wọ́n ń gún un pọ̀ mọ́ áyù àti iyèré Táì, wọ́n sì ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní sam kloe, ọ̀rẹ́ mẹ́ta. Èyí kò fún mi ní wàhálà kankan. ‘Ọ̀rẹ́ mẹ́ta’ ni mo kọ. Fún ewéko náà fúnra rẹ̀, ‘kọriáńdà’ ni ó wà nínú àkójọ wa títí di ìsinsìnyí, mo sì fẹ́ kí ẹni tí ó bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní èdè àdúgbò kankan nílẹ̀ Yorùbá fi ránṣẹ́ sí wa, pẹ̀lú ewé náà bí ó bá ṣeé ṣe.